Bí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ dé orí Twitter nígbà kan

Kí fóònù olójú gbàgàdà tó gbòde, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ti ń gbé ọ̀rọ̀ èèyàn lọ sórí Twitter, tí wọ́n ń pè ní X báyìí. Kò gba dátà, kò gba áàpù. Orí àtẹ̀jíṣẹ́ gan-an ni wọ́n gbé Twitter kà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006.

Nígbà tí ètò yìí ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kọ́kọ́ so nọ́ńbà fóònù rẹ̀ mọ́ àkáǹtì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkúrú kan. Ní Amẹ́ríkà, 40404 ni nígbà náà. Ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà máa kọ́kọ́ dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ títí ọ̀nà á fi là, ìdí nìyẹn tí èyí tó wọlé nígbà tí fóònù kú fi máa ń já wọlé bí wọ́n bá ti tàn án. Nẹ́tíwọọ̀kì á darí rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà Twitter. Kọ̀ǹpútà á wo nọ́ńbà tó ti wá, á wá àkáǹtì tí wọ́n so mọ́ ọn, á sì gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lórúkọ onítọ̀hún.

Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá jẹ́ àṣẹ, iṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà máa fi ṣe. Nígbà yẹn, tí o bá kọ FOLLOW àti orúkọ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ẹni náà á máa wọlé sórí fóònù rẹ. OFF á dá wọn dúró, ON á dá wọn padà. D tó ṣáájú orúkọ túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé D yẹn ti tú àṣírí ara rẹ̀ nìyẹn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kì í gbà ju lẹ́tà 160 lọ. Twitter yọ 20 sọ́tọ̀ fún orúkọ, ó ku 140 fún ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni 140 tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Twitter ti wá, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 280 ní 2017.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá la mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. À, è, é, ì, ò àti ù wà nínú lẹ́tà tí wọ́n ṣètò fún àtẹ̀jíṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí á, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ẹyọ ṣ kan ṣoṣo tó bá wọ inú rẹ̀, gbogbo lẹ́tà tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àyè tó pọ̀ sí i, 160 á já sí 70. Ẹ̀wẹ̀, ẹ tó bá tún ru àmì ohùn ń gba àyè méjì: «iṣẹ́» jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú, àyè mẹ́rin ló ń jẹ. Ó dùn mí pé ẹni tó bá fẹ́ kọ èdè wa bó ṣe yẹ ló máa kọ́kọ́ rí i pé àyè ti tán.

Ibi tí ètò yìí ti gbẹgẹ́ ni pé nọ́ńbà fóònù nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní August 30, 2019, àwọn kan gba nọ́ńbà Jack Dorsey, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Twitter nígbà náà, mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sì ń jáde lórí àkáǹtì rẹ̀. Wọn ò nílò pásíwọọ̀dù kankan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Twitter dá fífi àtẹ̀jíṣẹ́ gbé ọ̀rọ̀ jáde dúró, nígbà tó sì di April 2020, wọ́n pa ètò náà ní ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè.