Ẹ̀rín Duchenne: ẹ̀rín tó dé ojú

Ẹ yà sí gbọ̀ngàn ayẹyẹ èyíkéyìí l'Òṣogbo lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ ohùn àwa onífọ́tò ju ti alága ìdúró lọ: "Ẹ rẹ́rìn-ín, mọ́mì! Ẹ jẹ́ ká rí eyín!" Eyín á jáde lóòótọ́. Àmọ́ tí mo bá padà sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Òkè-Fíà, tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú wọn láti imú dé àgbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rẹ́rìn-ín rárá. Ẹnu ń bá wa ṣayẹyẹ, ojú ń ṣírò owó tí wọ́n jẹ alásè.

Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú èèyàn ní orúkọ fún ẹ̀rín tó yàtọ̀ sí irú ìyẹn. Ẹ̀rín Duchenne ni wọ́n ń pè é. Ẹ pè é ní Dùṣẹ́ẹ̀nì, ó ti tó. Ẹ̀rín tí ẹnu àti ojú jọ rín pọ̀ ni.

Iṣan méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan ti ibi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí igun ẹnu, òun ló ń fa igun ẹnu sókè. Èkejì yí ojú ká bí òrùka. Bí ìyẹn bá sún jọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gbéra, abẹ́ ojú á wú díẹ̀, ojú á kéré, ìlà wẹ́wẹ́ á sì fọ́n jáde ní igun rẹ̀. Iṣan ti ẹnu gbọ́ràn: ẹ ní kó ṣe é, á ṣe é. Ti ojú olóríkunkun ni.

Dókítà ará Faransé ni Guillaume Duchenne, ọdún 1806 ni wọ́n bí i ní Boulogne. Iná mànàmáná ló ń fi kan iṣan ojú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. (Mo mọ bó ṣe ń dún létí yín. Bàbá àgbàlagbà tó lò jù fún un, awọ ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora.) Ojú tí iná bá fà kì í pẹ́ padà sípò, tórí náà ó ké sí onífọ́tò kan tó ń jẹ́ Adrien Tournachon. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1862, tòun ti àwọn fọ́tò. Ó máa ń dùn mọ́ mi pé ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ wa yìí wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí Duchenne rí ni pé bí iná bá fa iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan, bàbá náà á dà bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ nǹkan kan á kù. Bó bá wá jẹ́ àwàdà ló pa bàbá lẹ́rìn-ín, ojú á bá a dá sí i. Ó ní iṣan ẹnu máa ń gbọ́ ti èèyàn fúnra rẹ̀, àmọ́ ayọ̀ nìkan ló lè rán iṣan ojú níṣẹ́. Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yá fọ́tò náà lò nínú ìwé tó gbé jáde ní 1872. Ó fi èyí tí iná ṣe han èèyàn 24. Mẹ́ta ò mọ ohun tó túmọ̀ sí rárá. Àwọn yòókù rí i pé ó jọ ẹ̀rín, wọ́n kàn ní bàbá yìí ń tiraka láti rẹ́rìn-ín ni, tàbí pé ó ń ṣe àwàdà ìkà.

Nígbà tó di 1978, Paul Ekman àti Wallace Friesen, àwọn olùwádìí ará Amẹ́ríkà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú, fún gbogbo bí ojú ṣe lè sún ní nọ́ńbà. Igun ẹnu tó gòkè jẹ́ 12, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbéra jẹ́ 6. Ẹ̀rín Duchenne wá di 6 pẹ̀lú 12. Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà yìí ò sọ ohun tó ń ṣe èèyàn. Ohun tó sún ló ń sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Àwọn tó ń tọ́jú àrùn rọpárọsẹ̀ mọ ohun kan tó jọ idán. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ojú kan ti kú lára rẹ̀, ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, igun ẹnu kan ṣoṣo ló máa gbé. Ẹ wá jẹ́ kí ọmọọmọ rẹ̀ wọlé kó pa á lẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn igun méjèèjì á gòkè. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn jẹ́ òdìkejì. Ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí èyí tí ayọ̀ ń gbà.

Ìbátan ọ̀rọ̀ yìí kan tó ń jà ràn-ìn ni microexpression: ìrísí ojú tó yọ, tó sì ti lọ kí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Àwọn olùwádìí méjì, Haggard àti Isaacs, kọ nípa rẹ̀ ní 1966, nígbà tí wọ́n ń wo fíìmù àwọn tó wá sọ ìṣòro ọkàn wọn, tí wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀. Mo gbà pé ó wà, kámẹ́rà mi ń mú un. Àmọ́ àwọn tó ní ẹni tó bá kọ́ ọ á di ọ̀gá nínú mímú òpùrọ́, ẹ gbọ́ èyí: àwọn olùwádìí méjì, Bond àti DePaulo, kó ìwádìí rẹpẹtẹ jọ ní 2006, wọ́n rí i pé nínú ìgbà 100 tí èèyàn bá gbìyànjú láti ya irọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́, bí 54 ló ń gbà. Ẹni tó bá ju owó ẹyọ sókè á gba 50.

Ẹ̀rín Duchenne pàápàá kò pegedé tó bí Duchenne ṣe rò. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ rín in, àti pé bí ẹ̀rín bá ti fẹ̀ gan-an, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gbéra fúnra rẹ̀, inú ìbáà dùn, kó má dùn.

Nílé wa, èdè ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Inú ló ń dùn, inú ló ń bàjẹ́, inú ló ń bíni. Ìtìjú la gbé fún ojú: ojú tì mí. Ohun tó wà nínú àti ohun tó yọ sójú, àṣà ló dúró láàárín wọn bí ẹ̀ṣọ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bá wí tó sì ń wolẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ wá á ní ó ń fi nǹkan pa mọ́. Àwa mọ̀ pé bó bá gbójú sókè ló kù díẹ̀ káàtó. Níbi òkú àgbà, ọmọ olóòkú tó ń jó, tí wọ́n ń ná lówó, ó lè jẹ́ pé òun ló sunkún jù lóru. Ọ̀ràn tó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín in.

Èmi náà ti jìn sí kòtò ọ̀hún. Obìnrin kan wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ó fajúro, ó fún ẹnu pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, "hùn" nìkan ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ní iye tí mo pè ló ń bí i nínú, mo dín 500 náírà. Ìgbà tó fẹ́ lọ ló yọ òwú lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ló ti ń bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yẹn ni wọ́n ń bá kọ̀ǹpútà jà lé lórí báyìí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ta ètò tó ní òun lè wo ojú òṣìṣẹ́ kó sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2024 ti ní kò gbọdọ̀ wọ ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́, àyàfi fún ìtọ́jú ìlera tàbí ààbò. Oṣù Kejì 2025 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní tèmi, mi ò kì í sọ pé "ẹ rẹ́rìn-ín" mọ́, pàápàá fún àwọn àgbà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó kan, ìyá àgbà jókòó gan-an bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo ní, "Ìyá, kí loríkì yín?"

"Àṣàbí ni."

"Àṣàbí, ọmọ Òròkí, ẹ wojú mi ná."

Ẹnu wọn ò tíì ṣí. Abẹ́ ojú ló kọ́kọ́ wú, ìlà wẹ́wẹ́ sì tú jáde títí dé ẹ̀bátí. Mo tẹ̀ ẹ́.