Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ọ́ìlì àti Fíltà Mọ́tò Nílé

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú pípààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò kò pọ̀, owó iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ń gbà lórí rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tìtorí owó nìkan wọ abẹ́ mọ́tò, èrè rẹ̀ kò ní pọ̀. Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí yẹ ní ṣíṣe nílé ni kí ó dáni lójú pé ọ́ìlì tí a fowó ẹni rà ló wọ inú ẹ́ńjìnnì, àti pé fíltà tuntun ni wọ́n dè mọ́ ọn, kì í ṣe ti àtijọ́ tí wọ́n fi akísà àti pẹtiróò nù títí ó fi ń dán. Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE oní lítà 1.8 la máa fi ṣàlàyé, torí ó ṣòro kéèyàn rí àdúgbò kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí ọ̀kan kò sí. Mọ́tò mìíràn ní ìwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì ń gbé, nínú agbada irin tí wọ́n ń pè ní sọ́ǹpù. Tí mọ́tò bá ti sitáàtì, pọ́ǹpù á fà á látibẹ̀, á tì í gba inú fíltà, yóò wá gba àwọn ihò tóóró inú irin lọ sí gbogbo ibi tí irin ti ń yí lórí irin, lẹ́yìn náà ni yóò ṣàn padà sí sọ́ǹpù. Ooru ń bà á jẹ́. Èérí dúdú tí epo tó jóná ń fi sílẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, pẹtiróò díẹ̀díẹ̀ ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì wọlé, omi náà sì ń kóra jọ síbẹ̀ nígbà tí mọ́tò kì í bá rìn jìnnà tó láti gbóná dáadáa. Àwọn tó ń po ọ́ìlì ti fi kẹ́míkà sínú rẹ̀ tí yóò máa bọ́ èérí kúrò lára irin, tí yóò sì máa gbé e káàkiri kó má baà di ẹrẹ̀ sójú kan. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì tuntun fi máa ń dúdú láìpẹ́ tí a dà á: iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tó ń tán ni kẹ́míkà wọ̀nyẹn, ojú kò sì rí ìyẹn. Ẹni tó ń fi ìka méjì yí ọ́ìlì wò láti mọ̀ bóyá ó ti gbó, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn ń dọ̀tí.

Kìlómítà àti oṣù la fi ń kà á. Máìlì 5,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 8,000, tàbí oṣù mẹ́fà ni Toyota ní Amẹ́ríkà sábà máa ń fún irú ẹ́ńjìnnì yìí, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Mile 2 dé Ọ̀ṣòdì fún wákàtí mẹ́ta, kìlómítà tó kà kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò sinmi fún wákàtí mẹ́ta yẹn, ẹ̀rọ amúlétutù náà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Fi eruku ọyẹ́ kún un. Mẹkáníìkì tó bá ní kí a máa pààrọ̀ tiwa ní kìlómítà 5,000, kì í ṣe ojúkòkòrò ló ń ṣe é.

Kí a tó dé abẹ́ mọ́tò, ọjà rírà ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Lára kẹ́ẹ̀gì, ohun tí Corolla yìí ń fẹ́ ni 5W-30. Òǹkà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn sí nígbà òtútù. Èyí tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Wọ́n á ní oòrùn tiwa mú ju ti ìlú òyìnbó lọ, pé 20W-50 ló dára fún ilẹ̀ wa. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kì í ṣe oòrùn ló ń pinnu bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe máa gbóná tó. Tẹ́mósítáàtì ló ń ṣọ́ omi rẹ̀ kí ó má kúrò ní àyíká 80°C sí 90°C, ì báà jẹ́ Ṣakí, ì báà jẹ́ London. Ọ́ìlì tó ki jù á pẹ́ kó tó gòkè láàárọ̀, nígbà tí irin ń yí láìsí nǹkan púpọ̀ láàárín. Ẹ́ńjìnnì yìí sì tún ní VVT-i, tó jẹ́ pé agbára ọ́ìlì ló fi ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, inú ihò tóóró ni ọ́ìlì náà sì ń gbà. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, tó ti ń jẹ ọ́ìlì, lè nílò èyí tó ki díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n àìsàn la fi ìyẹn ń tọ́jú, kì í ṣe oòrùn.

Lẹ́yìn òǹkà, kí a wo lẹ́tà méjì tó tẹ̀lé API, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ epo ní Amẹ́ríkà tó ń pín ọ́ìlì sí ìpele. Ti mọ́tò oní-pẹtiróò máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, bí lẹ́tà kejì bá sì ṣe ń lọ síwájú nínú ábídí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́ìlì náà ṣe ń bá ìgbà mu. SN jáde ní 2010, SP jáde ní 2020, èyíkéyìí nínú méjèèjì yóò tẹ́ Corolla yìí lọ́rùn. SF ṣì wà lórí àtẹ nílé ìtajà, owó rẹ̀ sì máa ń fani mọ́ra, ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n ṣe ní 1988 sẹ́yìn ni wọ́n ṣe é fún.

Ti fíltà ló wá gba ojú àti ọgbọ́n. Inú agolo kékeré yẹn, bébà tí wọ́n ká léra wọn ló ń gba èérí dúró. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu rẹ̀ nínú tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà nígbà tí a bá pa mọ́tò, kí pọ́ǹpù má baà máa bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo ní gbogbo àárọ̀. Fáàfù oní-sípíríǹgì kan tún wà fún ọjọ́ tí bébà bá dí: á ṣí, ọ́ìlì á sì máa kọjá láìsẹ́, torí ọ́ìlì tó dọ̀tí sàn ju àìsí ọ́ìlì lọ. Nítorí èyí ni kò fi bójú mu kí a pààrọ̀ ọ́ìlì, kí a fi fíltà àtijọ́ sílẹ̀. Ayédèrú fíltà pọ̀ lọ́jà, ní Ládípọ̀ àti níbòmíràn, páálí rẹ̀ sì lè dára ju ti gidi lọ. Kí a má wo páálí; kí a yọ fíltà, kí a wo inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó yí ẹnu rẹ̀ ká. Ó yẹ kí a rí rọ́bà lẹ́yìn wọn, kó sì rọ̀ tí a bá fi nǹkan tínínrín tì í. Èyí tí kò ní rọ́bà rárá, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ gan gbagidi, òun ló máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dún kẹrẹkẹrẹ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láàárọ̀ kó tó dákẹ́.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: sípánà 14, ohun tí a fi ń tú fíltà, àrọ, abọ́ ńlá tó lè gba lítà márùn-ún, akísà, ìbọ̀wọ́, wáṣà tuntun fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí mọ́tò máa dúró lé. Jáàkì ń gbé mọ́tò sókè ni, kò sí fún kí èèyàn wọ abẹ́ rẹ̀. Ìdúró irin méjì tó lágbára ni kí a fi sábẹ́ rẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, kí a fa hánbúréèkì, kí a sì fi nǹkan há taya ẹ̀yìn. Búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì tí a ń rí lábẹ́ mọ́tò kiri kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ẹni tí kò bá ní ìdúró irin, kó gbé ọ́ìlì àti fíltà rẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì, kó dúró tì í títí yóò fi parí.

Kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a wá pa á. Ọ́ìlì tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn tán, ó sì ń kó èérí dání. Èyí tó gbóná gan-an ń bó ni lọ́wọ́. Kí a ṣí ọmọrí tí a ń gbà da ọ́ìlì sí lókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Lábẹ́, kí a fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì sọ́ǹpù sí apá òsì, lẹ́yìn náà kí a máa fi ọwọ́ tú u, kí a sì máa tì í sínú díẹ̀ bí a ṣe ń yí i. Tí ó bá ti kan ibi tó ti bọ́, kí a yára fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ́ìlì kì í kán sílẹ̀ wẹ́rẹ́ níbẹ̀rẹ̀: ó ń tú jáde lọ síwájú, nígbà tí agbára rẹ̀ bá sì dínkù ni yóò máa sún padà wá sí abẹ́ ihò. Ibi tó kọ́kọ́ bọ́ sí kọ́ ni yóò parí sí, nítorí náà kí abọ́ máa bá a lọ. Bó bá ti di ẹ̀kán-ẹ̀kán, kí a fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i.

Kí a wo ẹnu ihò náà dáadáa, torí wáṣà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ọn. Wáṣà tuntun ló ń dí i, kì í ṣe agbára ọwọ́. Ọwọ́ la ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dè é padà. Tí ó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti ya ẹsẹ̀, kí a tú u kí a tún un mú. Ìwọ̀n bó ṣe yẹ kí a fún un le tó ni 37 Nm. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń ka ìwọ̀n, kó fi sípánà kúkúrú fún un títí yóò fi dúró, kó wá fi díẹ̀ kún un, kó dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń fi páìpù gùn ún lọ́wọ́ ló ń jẹ́ kí ẹni tó bá dé lẹ́yìn wọn wá máa ra sọ́ǹpù.

Fíltà wà lábẹ́ níbẹ̀ náà. Tí a bá ti tú u, kí a gbé e wá sí ìmọ́lẹ̀, kí a wo ẹnu rẹ̀: ṣé òrùka rọ́bà dúdú rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀? Tí kò bá sí, ara ẹ́ńjìnnì ló wà. Bí a bá de fíltà tuntun lé rọ́bà àtijọ́ lórí, méjèèjì yóò jọ mú fún ìgbà díẹ̀, ọ́ìlì kò sì ní kán nígbà tí mọ́tò bá dúró. Ìgbà tí agbára pọ́ǹpù bá dé bá wọn ni ọ̀kan yóò yọ̀, ọ́ìlì á sì tú dànù láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, bóyá lórí márosẹ̀ Ìbàdàn. Nítorí náà, kí a fi akísà nu ojú ibẹ̀ mọ́, kí a sì fi ìka tọ́ ọ yíká. Kí a fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ pa rọ́bà fíltà tuntun, kí a fọwọ́ yí i títí rọ́bà yóò fi kan irin, kí a wá yí i dé nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan. Ọwọ́ tó fún un yìí ti tó. Ohun tí a fi ń tú fíltà, fún títú nìkan ló wà. Corolla 2009 sókè tó ní ẹ́ńjìnnì 2ZR-FE kì í sábà lo agolo. Bébà nìkan la ń pààrọ̀ nínú ilé rẹ̀, pẹ̀lú òrùka rọ́bà tuntun, lítà 4.2 ló sì ń gbà.

Ti 1ZZ-FE jẹ́ lítà 3.7 pẹ̀lú fíltà. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà jẹ́ lítà mẹ́rin, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sí i torí pé ó kù díẹ̀. Tí ọ́ìlì bá kún kọjá ààlà, irin tó ń yí nínú sọ́ǹpù á máa gbá a, á máa hó, pọ́ǹpù á sì máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni kí a kọ́kọ́ dà. Kí a dé ọmọrí, kí a ṣáná sí mọ́tò láìtẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn; iná pupa oní-ìkòkò ọ́ìlì yóò tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí fíltà tuntun ń kún, lẹ́yìn náà ni yóò kú. Tí kò bá kú, kí a pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Tó bá kú, kí a wo abẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, láìtọrùn bọ ibẹ̀. Kí a wá pa á, kí a sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí a dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a fa géèjì yọ, kí a nù ún, kí a tì í bọ ihò rẹ̀ padà, kí a tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ni kó wà, kó súnmọ́ ti òkè. Èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì, inú bóòtù ni kó máa gbé.

Ọ́ìlì àtijọ́ kì í ṣe ohun tí à ń dà sí gọ́tà. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àyíká, EPA, sọ pé èyí tó jáde nínú mọ́tò kan ṣoṣo lè ba gálọ́ọ̀nù omi mímu mílíọ̀nù kan jẹ́, bẹ́ẹ̀ kànga ni ọ̀pọ̀ ilé wa ń mu. Nílé, àwọn mẹkáníìkì máa ń gbà á, torí àwọn oníbàárà wà tó ń rà á. Àwọn káfíńtà ń fi kun igi òrùlé nítorí ikán. Ní Britain, ibi ìkódọ̀tísí káńsù ló ń gbà á, ní Amẹ́ríkà sì rèé, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ẹ̀yà ara mọ́tò ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ní tirẹ̀, kí a fi ọ̀bẹ ya á kí a tó sọ ọ́ nù, torí àwọn tó ń rọ ayédèrú ọ́ìlì ń wá irú rẹ̀ kiri.

Nínú àwọn Toyota tókunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, iná kan wà tó ń kọ MAINT REQD. Kò mọ nǹkan kan nípa ọ́ìlì. Máìlì 5,000 ló ń kà, yóò sì tàn kódà bó jẹ́ àná la pààrọ̀ ọ́ìlì. Láti pa á, kí a jẹ́ kí àpapọ̀ kìlómítà hàn lójú dáṣíbọọ̀dù, kì í ṣe ti TRIP, kí a pa kọ́kọ́rọ́, kí a tẹ bọ́tìnnì TRIP mọ́lẹ̀ láìjù ú sílẹ̀, kí a wá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìsitáàtì mọ́tò. Bí òǹkà bá ti di òdo, iná náà yóò kú.