Ẹyọ àti ọ̀pọ̀ nínú gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹyọ àti ọ̀pọ̀ ni gírámà Gẹ̀ẹ́sì fi ń ya ohun kan ṣoṣo sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ju ọ̀kan lọ. Ó máa ń hàn lára ọ̀rọ̀ orúkọ, lára arọ́pò orúkọ, àti lára ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá wọn rìn. Ẹni tó bá sọ ní Àkúrẹ́ pé "mo ra iṣu ní Ọjà Ọba" lè ti ra ẹyọ kan, ó sì lè ti ra ogún. Gbólóhùn rẹ̀ pé. Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba irú èyí. Dandan ni kéèyàn yan "a yam" tàbí "yams".

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Lẹ́tà s ni wọ́n ń fi kún ìparí ọ̀pọ̀ jù lọ: book di books. Èyí tó bá parí sí s, x, ch tàbí sh ń gba es, bíi buses àti boxes. Baby di babies nítorí kọ́ńsónáǹtì ló ṣáájú y rẹ̀. Day, tí fáwẹ̀lì ṣáájú tirẹ̀, di days lásán. Man di men, foot di feet, child di children. Sheep kì í yí padà rárá.

Ìró àmì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo: s ni lẹ́yìn cat, z ni lẹ́yìn dog. Yorùbá kò ní ìró z, sílébù rẹ̀ kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé "two book", pàápàá nígbà tí two ti sọ iye náà tán, bí méjì ti sọ ọ́ nínú "ìwé méjì".

Furniture, equipment, information àti advice kì í gba s, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "furnitures" àti "equipments" wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Trousers ní tirẹ̀ kì í bọ́ s sílẹ̀: ṣòkòtò kan ṣoṣo tí télọ̀ rán, ọ̀pọ̀ ni nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì.

Arọ́pò orúkọ

Ẹyọ ni I, he, she àti it. Ọ̀pọ̀ ni we àti they. You ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, àfi nínú yourself àti yourselves tí ìyàtọ̀ ti hàn. Yorùbá ní mo, o àti ó fún ẹyọ, ó ní a, ẹ àti wọ́n fún ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ àti wọ́n tún wà fún ọ̀wọ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti takókó jù. Ọmọ tó mọ̀wà hù yóò sọ pé, "Bàbá mi ti dé, wọ́n wà nínú yàrá." Tó bá kọ ọ́ pé "My father has come, they are in the room," ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò máa wá ẹni kejì tó bá bàbá náà dé. He ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ níbẹ̀, kò sì sí àrífín nínú rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì náà ti fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ rí. Thou ni wọ́n ń pe ẹnì kan, ye àti you sì wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹni iyì kan ṣoṣo ní you, títí you fi lé thou kúrò nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 ṣì ya thou àti ye sọ́tọ̀. Àdúrà Olúwa ní Yorùbá náà ń lo ẹyọ fún Ọlọ́run: "kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ", kì í ṣe orúkọ yín.

Oǹdó àti Àkúrẹ́

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka èdè Yorùbá ló ya ẹ àti wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ẹ̀ka ti gúúsù ìlà-oòrùn, tí ti Oǹdó wà lára rẹ̀, ẹni kejì àti ẹni kẹta ọ̀pọ̀ ti di ọ̀kan: "àn án wá" lè túmọ̀ sí "ẹ wá", ó sì lè túmọ̀ sí "wọ́n wá". Àwọn onímọ̀ èdè kan dábàá pé lílo ọ̀pọ̀ fún ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí méjèèjì pa pọ̀ ní ìhà Ọ̀yọ́. Ẹ̀ka ti àárín gbùngbùn ni wọ́n sábà máa ń ka ti Àkúrẹ́ sí, pẹ̀lú Èkìtì àti Ifẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò sì ni àwọn ọmọ ìlú méjèèjì ń bá pàdé nínú ìwé, nítorí náà wọ́n lè ní ètò arọ́pò orúkọ mẹ́ta láti yà sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ ìṣe

Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹni kẹta ẹyọ ni ọ̀rọ̀ ìṣe ń gba s fún: the boy sings, ṣùgbọ́n the boys sing. Everyone ń gba is. Nínú "One of the boys is here", one ni olùwà gan-an. Boys kò ní agbára lórí ọ̀rọ̀ ìṣe náà.