Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́, ẹ ṣáà bá mi yọ Windows yìí

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì máa ń gbọ́ jù lẹ́nu kọ́sítọ́mà ni "ẹńjíníà, ẹ bá mi yọ Windows yìí, ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀". Kò bàjẹ́ o, kò ní fáírọ́ọ̀sì, wọ́n kàn kórìíra ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Windows tí wọ́n ń pè ní Vista, tó jáde lóṣù kìíní 2007. Windows XP làwọn èèyàn ti ń lò látọdún 2001, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 128MB ti tó o. Vista dé, ó ní 512MB ló kéré jù, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ èyí tó ń dán bíi gíláàsì yẹn, 1GB. Àwọn tó fi sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ jìyà, á máa wọ́ bí ìgbín, pírínńtà tó ń ṣiṣẹ́ lánàá ò ní dá a lóhùn mọ́ torí dráífà ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti pírínńtà gbọ́ra wọn, ò tíì sí. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ṣe nǹkan kékeré báyìí, á ní ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ ṣe é, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, kò pẹ́ á tún bèèrè. Ààbò ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, kí nǹkan burúkú má bàa wọlé lẹ́yìn onílé, àmọ́ tí wọ́n bá ń bi èèyàn ní ìbéèrè kan náà ṣáá, kò ní kà á mọ́, á kàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ ràì.

Lọ́dún 2008, Microsoft, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Windows, pe àwọn tó ní àwọn ò fẹ́ Vista, wọ́n fi Windows kan tí wọ́n pè ní Mojave hàn wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ní ha, èyí mà dáa o. Àṣé Vista náà ni! Òótọ́ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń bú u ò lò ó rí. Ṣùgbọ́n jàre, wọn ò ní kí wọ́n gbé e relé lọ fi so mọ́ pírínńtà wọn.

Windows 8 ló jẹ́ kọ́rọ̀ yìí yé mi. Oṣù kẹwàá 2012 ló dé, wọ́n yọ bọ́tìnnì Start tó ti wà nísàlẹ̀ lápá òsì láti ìgbà Windows 95, ibẹ̀ sì lèèyàn ti máa ń pa kọ̀ǹpútà. Bàbá kan, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, gbé láptọ́ọ̀pù tuntun wá, wọ́n ní "ọmọ mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, ńṣe ni mo máa ń fi sílẹ̀ títí bátìrì á fi kú". Bàbá yìí mọ kọ̀ǹpútà o. Ọwọ́ wọn ló mọ ibẹ̀, ọwọ́ á ti débẹ̀ kójú tó wò ó, bí ìgbà tèèyàn bá ń wá ṣíbí ní kíṣìnnì ara ẹ̀ tẹ́nìkan sì ti tún gbogbo ẹ̀ tò láìbéèrè. Ìbínú yẹn gan-an nìyẹn. Nínú 8.1, lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n dá bọ́tìnnì padà. Update tó ń jẹ dátà yín láìgbàṣẹ, ọmọ ìyá kan náà ni.

Tẹ́ ẹ bá wá sọ́dọ̀ mi, RAM ni màá kọ́kọ́ wò, torí nígbà míì kọ̀ǹpútà tí ò lágbára lẹ ń bínú sí. Tí RAM bá tó, ẹ lò ó fọ́sẹ̀ méjì ná.

Bàbá akọ̀wé tún dé nígbà tí Microsoft dáwọ́ dúró lórí Windows 10 lóṣù kẹwàá 2025. Wọ́n ní ṣé bọ́tìnnì àwọn wà nínú 11? Mo ní ó wà sà, wọ́n kàn sún un sáàárín ni. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Kíá ni mo wọ settings, mo dá a padà sápá òsì.