“A gbà!” kọ́ ni ìfẹnukò: bí ìpàdé àdúgbò ṣe yẹ kó máa dé orí ìpinnu

Ọ̀pọ̀ ìpàdé àdúgbò nílùú Ìbàdàn ló ń parí sórí ìbéèrè kan: “Ṣé gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀?” Àwọn bíi mẹ́wàá tó jókòó níwájú á dáhùn pé “A gbà!” Akọ̀wé á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ilé ti fẹnu kò. Kò sí àṣìṣe tó ń ba ìpàdé jẹ́ tó èyí. Ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Ó lè jẹ́ ayálégbé tó rò pé àwọn onílé nìkan ló ni ọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ìyàwó ilé tí bàbá ọkọ rẹ̀ wà ní ìjókòó, tàbí ará Sábó tó jẹ́ pé Hausa ló gbọ́ jù. Nígbà tí owó bá wá kàn wọ́n lóṣù tó ń bọ̀ tí wọn ò san, aláìgbọràn ni wọ́n á pè wọ́n.

Pípe ìpàdé, yíyan alága, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀: kò sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn. Ohun tó yẹ ká kíyè sí níbẹ̀ ni ẹni tó ń kéde. Ìwé tí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù nìkan bá fi ránṣẹ́, àwọn lánlọ́ọ̀dù nìkan ni yóò kó wá. Kí mógàjí agbo ilé kéde, kí ìyálọ́jà kéde, kí lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ náà kéde, kí wọ́n má sì fi í sí ọjọ́ ọjà.

Ìdí iṣẹ́ gan-an ni agbo kékeré. Bí ènìyàn 60 bá fẹ́ fi ìṣẹ́jú 30 sọ̀rọ̀ lójú kan, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pín sí agbo 10, tí ènìyàn 6 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 5 ni olúkúlùkù ní láàárín ìṣẹ́jú 30 kan náà. A ò fi kún àkókò, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ inú agbo yẹ kó máa lọ bí ayò. Ilé 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kó ọmọ ayò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa jọ̀ ọ́ sílé tó tẹ̀ lé e, kò sì gbọ́dọ̀ fo ilé kan torí pé ilé ọlọ́tẹ̀ ni. Bó bá wá jẹ́ odù ló kó, ìyẹn ilé tí ọmọ ayò inú rẹ̀ tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó yí ọpọ́n po padà débi tó ti kó o, ilé yẹn ni yóò fò. Òfin tí agbo nílò nìyẹn: a kì í fo ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá ní òun ò ní ọ̀rọ̀, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá sọ tán. Ibi tí ayò àti agbo ti yàtọ̀ ni pé ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ń wá bí yóò ṣe pa ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, nídìí ayò. Nínú agbo, ńṣe ló yẹ kí ọ̀ta dúró de ọ̀pẹ. Nítorí náà, kí ẹni tó kéré jù bẹ̀rẹ̀, kí àgbà kádìí rẹ̀. Bí bàbá bá ti sọ tirẹ̀ tán, ta ni yóò ta kò ó? Èyí kì í ṣe àrífín rárá. Ọba pàápàá máa ń gbọ́ tẹnu àwọn ìjòyè kó tó sọ tirẹ̀.

Kí agbo tó yan ohunkóhun, ó ní láti kọ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ ká mú gọ́tà. Ìbàdàn mọ ohun tí omi lè ṣe: ó rí i nígbà tí odò Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ó tún rí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti dárúkọ iye tí gọ́tà yóò jẹ, ohun tó ń wá sọ́kàn èrò ni pé ìgbìmọ̀ ti fẹ́ jẹun. Kí agbo mú téèpù, kí wọ́n rìn ín, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Gọ́tà tó gùn ní mítà 100, tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó jìn ní 60, tí ìsàlẹ̀ àti ògiri rẹ̀ nípọn ní 15, kọnkéré kúbíìkì mítà 31.5 ni yóò gbà. Bí wọ́n bá pò ó ní sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, gíránáìtì 4, nǹkan bí àpò 190 sí 205 ni, kí wọ́n tó dé orí irin àti owó àwọn bíríkìlà. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀, ẹ ò lè kọ 400 sílẹ̀ fún un, kò sì ní fọwọ́ sí 80. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti ẹnjiníà nìkan: ìyá tó ń sun àgbàdo ní kọ́nà ló mọ ibi tí omi kọ́kọ́ máa ń dúró sí.

Ìgbà yẹn ni yíyàn tó kàn. Agolo kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwòrán lára rẹ̀ fún ẹni tí kò kàwé, kí wọ́n tò wọ́n sẹ́yìn aṣọ títa. Òkúta wẹ́wẹ́ 3 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti jù sínú agolo iṣẹ́ tó bá fẹ́. Bó bá jẹ́ 1, iṣẹ́ tó kan ojúlé tirẹ̀ nìkan ni yóò jù ú sí. Bó bá jẹ́ 3, yóò rántí aládùúgbò.

Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí èrò pọ̀ sí ló máa ń borí. Ní Porto Alegre lórílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí àwọn ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọba pín owó ìlú ní 1989, wọn ò ka orí èrò nìkan nígbà náà: ibi tí ohun amáyédẹrùn ti ṣọ̀wọ́n jù ní máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àdúgbò náà lè fi òkúta kún agolo iṣẹ́ tó kan ojúlé tí omi ń wọ̀, bí gbogbo agbo bá ti mọ̀ kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn kíkà, màgòmágó ni.

Àwọn ọlọ́kadà tí kò ráyè wá lọ́sàn-án ńkọ́? Kí agbo kan jókòó ní gáréèjì wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pẹ̀lú téèpù, agolo àti òkúta kan náà.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì: iye òkúta tó wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan, owó tó wọlé, owó tó jáde. Kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí kò wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú, torí èyí tó ṣe ìkejì ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀.