Ọmọ Àkúrẹ́ àbí ará Àkúrẹ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń pe ẹni tó ti ìlú kan wá

Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé n kì í ṣe ọmọ Àkúrẹ́?

Ilé baba yín dà? Ohun tí àgbà Àkúrẹ́ máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ sì wà. "Ọmọ" ń sọ agbo ilé tí ẹ ti ṣẹ̀ wá. "Ará" ń sọ ibi tí ẹ fi ṣe ibùgbé. Ẹni tó ń gbé àdúgbò Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́, tó ń san owó iná, tó ń lọ sí ìpàdé àdúgbò, ará Àkúrẹ́ ni, ibi yòówù kó ti wá.

Ẹ wo Philip Emeagwali, onímọ̀ kọ̀ǹpútà nì. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1954, ṣùgbọ́n Onitsha ni ilé baba rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pè é lọ́mọ Àkúrẹ́. Ẹ wá wo King Sunny Adé. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1946. Ẹ lọ pè é lọ́mọ Òṣogbo níwájú àwọn ará Oǹdó kí ẹ rí ohun tí ojú yín máa rí! Ọmọ ọba Oǹdó ni, wọn ò ní í fi tọrẹ.

Ó máa ń dun àwọn tí wọ́n bí síbí, mo mọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ti lo ogójì ọdún nínú ìlú, tó sin òbí rẹ̀ síbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fi àyè kan gbà á. Àmọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ là ń wí. Ẹ lè sọ pé "Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí", kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn. Tí ẹ bá ní "ọmọ Àkúrẹ́ ni mí", wọ́n á ní kí ẹ dárúkọ ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn onílé fi máa ń fi "bíbí" kún un: "ọmọ bíbí Àkúrẹ́ ni mí o!"

Kí n fi èyí kún un: ìlú fúnra rẹ̀ ni ìyàtọ̀ yìí ti le jù. Tí ẹ bá dé Èkó, "ará Oǹdó ni" àti "ọmọ Oǹdó ni" máa ń di ọ̀kan náà lẹ́nu èèyàn.

Wọ́n ń pè mí lọ́mọ Oǹdó ní Èkó. Ọmọ Ìdànrè ni mí. Ṣé kí n máa dáhùn?

Ẹ dáhùn, kí ẹ sì là á yé wọn. Ìlú wà tó ń jẹ́ Oǹdó, ìyẹn ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ọṣemàwé. Ìpínlẹ̀ náà tún wà tó ń jẹ́ Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, Àkúrẹ́ sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ẹni tó ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti òkèèrè, ìpínlẹ̀ ló máa ń rí. Ẹni tó wà nílé, ìlú ló máa ń gbọ́. Ẹ dúró sí gáréèjì ní Àkúrẹ́ níbi tí awakọ̀ ti ń pariwo "Oǹdó! Oǹdó! Ó ku ẹnì kan!" Kò sí èrò tó máa bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí inú Oǹdó náà la wà yìí?"

Nítorí náà, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé: "Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, Ìdànrè gan-an nìlú mi." Àwọn ọmọ Oǹdó fúnra wọn ní orúkọ tí kò rújú rárá: ọmọ Èkìmọ̀gún.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí tún kàn ni àwọn èèyàn Èkìtì. Títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996, inú ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n wà. Tí ẹ bá rí ìwé ẹ̀rí àtijọ́ tó pe ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó, kì í ṣe ayédèrú.

Ṣé a ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọmọ Àkúrẹ́, bíi "Ìjẹ̀ṣà"?

Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ jẹ́ orúkọ àwọn èèyàn tó ní ìlú púpọ̀. Ọmọ Òkìtìpupa, Ìkálẹ̀ ni. Ọmọ Igbókòdá, Ìlàjẹ ni. Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ ní tiwọn, orúkọ ìlú ni. A kàn ń sọ pé "Ọ̀wọ̀ ni bàbá mi, Àkúrẹ́ ni ìyá mi", ó sì parí. Tó bá jẹ́ oríkì lẹ ń wá, ẹ pe ọmọ Àkúrẹ́ ní ọmọ Olóyèmẹkùn, orí rẹ̀ á wú.

Ẹ ṣọ́ra fún "oní" o. Ọlọ́wọ̀ kì í ṣe ẹni tó ti Ọ̀wọ̀ wá. Ọba Ọ̀wọ̀ ni!

Ìyá mi ló jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, bàbá mi kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ yìí. Kí ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù ìjọba?

Nílé, baba ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 318 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú òbí àwọn òbí rẹ̀, bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, ọmọ ìpínlẹ̀ náà ni. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ Oǹdó. Ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì ní káńsù lè fẹ́ bá yín jiyàn. Ẹ dárúkọ ilé ìyá yín, kí ẹ sì mú ẹnì kan láti ilé náà dání.

Àwọn ará ìta ńkọ́?

"Ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì" la fi ń pe onílé ibẹ̀. Ọmọ Oǹdó tó ń gbé ibẹ̀, ará Jámánì ni. Ní ti "kòbòkòbò" tí àwọn kan fi ń pe ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, èébú ni. "Ará òkè" náà ti di èébú lẹ́nu ọmọ Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé bàbá ẹni tó ń bú wọn lè má jìnnà sí Ọ̀wọ̀.