Bí ìjánu ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí òkè Ìjẹ̀ṣà, àti ohun tó wà nínú sísọ̀ ní fíríì

Ọ̀nà tó jáde ní Iléṣà kọjá Ìwárajà, tó gba Ẹ̀rínmọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, kì í ṣe ọ̀nà pẹrẹsẹ. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń yí kọ́lọkọ̀lọ. Èyí tó gba ìhà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Àkúrẹ́ náà ní òkè tirẹ̀. Bí awakọ̀ bá ń ro irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, gígùn ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí: ṣé ẹ́ńjìnnì yóò gbé e, ṣé omi kò ní hó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò bá lè gun òkè yóò dúró síbi tó dé, wọ́n á fi òkúta há táyà rẹ̀, wọ́n á sì pe mẹkáníìkì. Èyí tí kò bá lè dúró nígbà tó ń sọ̀ ni ó ń gba ẹ̀mí èèyàn. Ẹni tó ń wakọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gbọ́dọ̀ mọ bí ìjánu ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń sọ ọ́ di aláìlágbára.

Iṣẹ́ ìjánu kò ju kó sọ eré di ooru lọ. Tí ẹsẹ̀ bá tẹ bíréèkì, yóò ti ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní másítà, másítà yóò sì ti ọ́ìlì bíréèkì gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ́ìlì kì í ṣe ohun tó ṣe é fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí agbára ẹsẹ̀ fi ń dé ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Níwájú, páàdì méjì yóò gbá dísìkì irin mú lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣúù tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ni yóò ṣí, tí yóò sì tẹ̀ mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù. Irin àti páàdì á máa ha ara wọn, wọ́n á gbóná, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé ooru náà lọ. Páàdì iwájú ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí ìwúwo ọkọ̀ máa ń ṣí síwájú nígbàkígbà tí a bá tẹ bíréèkì.

Ooru yìí kì í ṣe kékeré. Ká ní ọkọ̀ kan àti èrò inú rẹ̀ wúwo tó 1,400 kìlógíráàmù, tó sì sọ̀ láti orí òkè tó ga ní 100 mítà láìjẹ́ kí eré rẹ̀ lé sí i. Bó bá jẹ́ bíréèkì nìkan ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà, ooru tí yóò mú jáde yóò tó láti mú nǹkan bíi líta omi 4 hó láti tútù. Eré náà tún ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹni tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan kò gbé ìlọ́po méjì iṣẹ́ ẹni tó ń sá 40 lé ìjánu lórí. Ìlọ́po mẹ́rin ni.

Ọ̀nà méjì ni ooru fi ń gba agbára lọ́wọ́ ìjánu. Èkíní, páàdì fúnra rẹ̀ á gbóná kọjá ààlà, kò sì ní lè di dísìkì mú mọ́. Ẹsẹ̀ á le bó ṣe máa ń le, àmọ́ ọkọ̀ kò ní dúró. Òórùn bí ohun tó ń jóná ló máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀. Èkejì burú ju èyí lọ: ọ́ìlì bíréèkì á hó. Bó bá ti hó, atẹ́gùn á wà nínú páìpù, atẹ́gùn sì ṣe é fún pọ̀. Ẹsẹ̀ á wọlé dé ilẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ibi tí àṣà sísọ̀ ní fíríì ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ awakọ̀, títí kan àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, máa ń yọ jíà tí wọ́n bá dé orí òkè kí epo má baà pọ̀ jù. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì. Bí jíà bá wà lára ọkọ̀ tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ń kọ̀ ọ́, kíkọ̀ yẹn ló sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Tí a bá yọ jíà, ìrànlọ́wọ́ yẹn ti lọ, gbogbo ẹrù bọ́ sí ọrùn páàdì. Epo tí wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú pàápàá kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní tí kò lo kabúrétọ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì máa ń ti ẹnu ọ̀nà epo pátápátá nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ nínú jíà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́rótù. Ní fíríì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jẹ epo kó má baà kú. Ẹni tó yọ jíà ló ń jẹ epo jù.

Ẹni tó pa ẹ́ńjìnnì ti ṣe ohun tó léwu jù lọ. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní hydrovac, ìyẹn ike tàbí agolo ńlá róbótó tó wà lẹ́yìn másítà, ni ó ń sọ agbára ẹsẹ̀ èèyàn di púpọ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ni ó ń lò. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, agbára tó kù nínú rẹ̀ kò ju títẹ̀ bíi méjì sí mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ á le bí òkúta. Sítíárì náà á wúwo. Bí awakọ̀ bá sì yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò pátápátá, sítíárì lè há mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi kọ́nà.

Ọ̀nà tó tọ́ kò ṣòro: jíà tí a fi gun òkè náà ni a fi ń sọ̀ ọ́. A máa ń mú un kí ìsọ̀kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí eré ti lé. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ alájíà ọwọ́ á wọlé sí jíà kẹta tàbí ìkejì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wa ọ̀tọ̀mátíkì rò pé kò sí ohun tó kan àwọn, bẹ́ẹ̀ ìdí tí 3, 2 àti L fi wà lábẹ́ D nìyẹn gan-an. Àwọn ọkọ̀ kan ní bọ́tìnnì O/D (overdrive, ìyẹn jíà tó ga jù) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà tí wọ́n ń pa dípò rẹ̀. Bó bá di pé ká tẹ bíréèkì, ká tẹ̀ ẹ́ dáadáa títí eré á fi wálẹ̀, ká wá jù ú sílẹ̀ kó rí afẹ́fẹ́. Fífi ẹsẹ̀ lé e pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ ni ó ń sun páàdì. Tí òórùn bá ti jáde, ká wá ibi tó tẹ́jú dúró sí, kó tutù fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da omi sí dísìkì tó ń gbóná, kí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ pẹ̀lú má ṣe é, torí irin náà lè wọ́ tàbí kó sán.

Nípa ìtọ́jú, ọ́ìlì bíréèkì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì déédéé, ti bíréèkì á sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ ní èbúté. Oríṣi ọ́ìlì bíréèkì tó wọ́pọ̀, DOT 3 àti DOT 4, máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù bíi tiwa sì lọ́rinrin. DOT 3 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 205 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí omi inú rẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè hó ní 140. Ti DOT 4 jẹ́ 230 nígbà tó bá jẹ́ tuntun, 155 nígbà tó bá ti fa omi. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí wọ́n fa ògbólógbòó jáde ní nǹkan bí ọdún méjì méjì, kí wọ́n sì yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù. Èyí tí wọ́n ti ṣí, tí ìdajì rẹ̀ ti wà lórí pẹpẹ mẹkáníìkì láti ìgbà òjò, kò yẹ ní rírà. A kò gbọ́dọ̀ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ọ́ìlì jíà dí àlàfo rẹ̀ láé: rọ́bà inú másítà á wú, á sì bàjẹ́. Nọ́ńbà tó tọ́ máa ń wà lára ìdérí agolo rẹ̀.

Bí ọ́ìlì náà bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ pé páàdì ló ń jẹ tán; tó bá ń yára lọ, ó ń jò níbì kan. Páàdì tó bá ti ku mílímítà 3 ti tó pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ ní irin pẹlẹbẹ kékeré tí yóò máa han létí kó tó parí, ariwo yẹn sì kì í ṣe ohun tí a ń fi rédíò bò mọ́lẹ̀. Ọ̀tún àti òsì ni a ń pààrọ̀ pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Táyà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìjánu ń dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró ni, táyà ló ń di ilẹ̀ mú. Tí a bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí àkọlé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà náà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Bí ìjánu bá kọ̀ lórí ìsọ̀kalẹ̀, ká má pa ẹ́ńjìnnì, ká má yọ jíà. Ká máa tẹ bíréèkì léraléra kíákíá, ó lè ri nǹkan mú. Ká máa sọ jíà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká máa fa háǹdì-bíréèkì díẹ̀díẹ̀, torí wáyà tirẹ̀ kì í gba inú ọ́ìlì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ká fọn fèrè, ká tan iná, ká wá ibi tó bá gòkè tàbí koríko ẹ̀bá ọ̀nà.

Gbogbo àyẹ̀wò tó yẹ kí ọkọ̀ tó jáde kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́, ká tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le, ká wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ká ṣíná. Bí ẹsẹ̀ bá rì díẹ̀, hydrovac ń ṣiṣẹ́. Ká tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan: bó bá ń rì nìṣó, másítà ti ń jò nínú, kí ọkọ̀ náà má kọjá ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Iná ẹ̀yìn nìkan ni awakọ̀ kò lè rí láti ibi tó jókòó sí. Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a wò ó, kó fi ìdí ọkọ̀ sí ògiri ní ìdájí, kó tẹ bíréèkì, kó sì wo bóyá pupa hàn lára ògiri náà lọ́tùn-ún àti lósì.